Ìwé Tamora Pierce pọ̀ lọ súà: níbo gan-an ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 12, ìwé kíkà ló sì fi ń jẹun. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí n wá ìwé Tamora Pierce fún un, pé ìtàn onídán tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu ni. Mo wá a lọ, ni mo bá rí ìwé tó ń lọ sí bí ọgbọ̀n! Ẹnì kan ní kí n tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Ẹlòmíì ní rárá, bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú wọn ṣe tẹ̀ léra ni kí n wò. Ẹnì kẹta ní kí n sáà mú èyí tó bá wù mí. Èmi náà fẹ́ bá a kà á, àmọ́ owó ọwọ́ mi kò lè ra ju ìwé kan tàbí méjì lọ báyìí. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ibi tí ìtàn náà já sí fún mi o.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tó bá jẹ́ ẹyọ ìwé kan péré lowó yín ká, Alanna: The First Adventure ni kẹ́ ẹ rà. Ọdún 1983 ló jáde, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí obìnrin náà tẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún 12 bíi tọmọ yín ni mo ti ń ka ìwé rẹ̀. Mo ti rà á fún àwọn àbúrò mi, mo ti yá ẹni tí kò dá a padà, mo sì ti tún un rà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ìdáhùn kan náà ni mò ń fọ̀.

Ìbejì ni Alanna àti Thom. Bàbá wọn fẹ́ kí ọkùnrin lọ sáàfin ọba lọ kọ́ iṣẹ́ jagunjagun ẹlẹ́ṣin, kí obìnrin lọ kọ́ ìwà ọmọlúàbí ìyàwó ilé. Thom kò fẹ́ rí idà sójú, idán ló wù ú. Ẹṣin àti idà ló wu Alanna. Ni wọ́n bá pààrọ̀ ara wọn. Alanna gé irun rẹ̀, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó pe ara rẹ̀ ní Alan, ó sì gba ọ̀nà ààfin lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Iṣẹ́ náà yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi í joyè, ìkòkò àṣírí yẹn kò sì gbọdọ̀ fọ́ láàárín àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jìjàkadì. Ìyẹn ò tú àṣírí kankan, ojú-ìwé mélòó kan àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́.

Ìdí tó fi rú yín lójú ni pé ayé méjì ni Tamora Pierce ń kọ̀wé nípa rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á. Ayé kan ni ti Tortall, níbi tí Alanna wà. Èkejì ni ti Emelan, níbi tí àwọn ọmọ mẹ́rin kan ti ń kọ́ idán. Àwọn méjèèjì kò pàdé ara wọn rárá, kò sí ẹyọ ènìyàn kan tó ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Tẹ́ ẹ bá ti ya àwọn ìwé náà sọ́nà méjì báyìí, ìdajì wàhálà ti lọ.

Ti Tortall ló pọ̀ jù. Ìwé mẹ́rin ti Alanna ló ṣáájú, láti 1983 dé 1988. Ìwé mẹ́rin ti Daine tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin tó ń bá ẹranko sọ̀rọ̀, láti 1992 dé 1996. Lẹ́yìn náà ni mẹ́rin ti Keladry, tí gbogbo ayé ń pè ní Kel, láti 1999 dé 2002. Ọmọ Alanna gba méjì, ní 2003 àti 2004. Mẹ́ta ti Beka Cooper jáde láàárín 2006 sí 2011. Ọ̀kan nípa ìgbà èwe onídán ńlá kan tí ẹ ó pàdé nínú ìwé Daine jáde ní 2018. Àwọn ìtàn kéékèèké wà nínú ìwé kan ṣoṣo lọ́tọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹni tó ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ lóhùn, torí ìmọ̀ràn yẹn ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí ìwé yìí.

Lóòótọ́, bí a bá fi ọdún inú ìtàn ṣe é, Terrier, ìwé Beka Cooper àkọ́kọ́, ló yẹ kó ṣáájú. Nǹkan bí igba ọdún ṣáájú Alanna ni Beka gbé ayé. Àmọ́ ẹ wo irú ìwé tó jẹ́. Ó lé ní ojú-ìwé 500. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí Beka fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni, ó sì kún fún ẹnà àwọn ọlọ́pàá àti olè ìgboro. Ajá ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá níbẹ̀. Ọmọ ajá ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Òkú ló ń bá Beka sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ẹyẹlé. Ìwé tó dùn ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 tí kò tíì mọ ibi tí Tortall dorí kọ yóò ti sú kó tó dé ojú-ìwé 60. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún méjì sì kọjá kó tó gbà láti fọwọ́ kan ìwé Tamora Pierce mìíràn.

Nǹkan kan tún wà. Nínú ìwé Alanna, ẹ ó pàdé George Cooper, ọba àwọn olè. Ẹni tó bá ti mọ George tẹ́lẹ̀, tó wá gbọ́ pé ìran Beka Cooper, ọlọ́pàá tó ń lé olè kiri, ló ti ṣẹ̀ wá, yóò rẹ́rìn-ín láti ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ka Beka ṣáájú kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni Tamora Pierce kọ ọ́, ojú ẹni tó ti ka ti tẹ́lẹ̀ ló sì fi kọ ọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó le jù rèé, èyí tí mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi jiyàn lé lórí mọ́jú. Wọ́n ní ìwé Alanna kò dára tó ti Kel, pé kí ló dé tí a ó fi ìwé tí ọwọ́ òǹkọ̀wé kò tíì gún kọ́kọ́ pàdé ọmọ? Wọ́n ní ẹ kúkú ra First Test, ìwé Kel àkọ́kọ́.

Mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ gún sí i nínú ìwé Kel. Ta ló lè jiyàn ìyẹn? Nínú ìwé Alanna, oṣù mẹ́fà lè kọjá láàárín ìpínrọ̀ méjì. Ẹni tó kórìíra Alanna ní òwúrọ̀ lè di ọ̀rẹ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, a kò sì rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà níbi tí ìwé náà ti wá. Ìwé ńlá kan ṣoṣo fún àgbàlagbà ni Tamora Pierce kọ́kọ́ kọ. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, kò lè gbé e fún wọn kà bó ṣe wà, nítorí náà ó ń fẹnu sọ ọ́ fún wọn, ó ń yọ ibi tí kò yẹ létí ọmọdé kúrò. Aṣojú tó ń bá a wá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló dábàá pé kó pín in sí mẹ́rin fún ọ̀dọ́. Ẹ rí i pé ìwé tí wọ́n gé kúrú ni. Ibi tí wọ́n ti gé e ń hàn.

Ìwé Kel kò ní àpá bẹ́ẹ̀. Kel kò ní idán kankan. Kò sì fi ara rẹ̀ pa mọ́, gbangba ló ti wọlé gẹ́gẹ́ bí obìnrin, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọba ti gbé òfin jáde pé obìnrin náà lè kọ́ iṣẹ́ yẹn, tí ẹnì kankan kò sì tíì jáde. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò fún ọdún kan, ohun tí wọn kò ṣe fún ọmọkùnrin kankan rí. Ibì kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń jà lórí ẹṣin, tirẹ̀ ń wúwo ju ti àwọn yòókù lọ, apá ń ro ó, ó ń tàsé ibi tó yẹ kó gún. Ìgbà tó yá ló tó hàn pé ẹnì kan ti rọ òjé sínú igi ọ̀kọ̀ náà. Ǹjẹ́ ó fẹjọ́ sùn? Rárá o. Ọ̀kọ̀ olójèé yẹn náà ló ń gbé lọ, láràárọ̀, pé bí apá òun bá ti lè gba èyí, kò sí ọ̀kọ̀ mìíràn tó máa wúwo lọ́wọ́ òun mọ́. Mo ti ka ibẹ̀ sétí ọmọ tí wọ́n ń fòòró ní kíláàsì, ó dákẹ́ lọ, ó wá ní kí n tún un kà.

Tí ìwé Kel bá wá dára tó báyìí, kí ló dé tí mo tún ní kẹ́ ẹ fi Alanna ṣáájú? Nítorí ẹ̀bùn.

Ojú-ìwé tó ṣí First Test jẹ́ ti Alanna. Ó ti di àgbà, òun nìkan ni obìnrin tó wà lára àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ọba. Inú rẹ̀ ń dùn pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn òun, ó fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́. Ọba ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ náà. Kí wọ́n má baà sọ pé idán Alanna ló gbé e dé ibi tó dé. Ni Kel bá wà láàfin, ó ń retí kí akọni tó fẹ́ràn jù láyé wá kí òun, kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹrù kan dé, ọ̀bẹ gidi ló wà nínú rẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Nígbà míì, òróró ìpara fún ara tó bó ló dé. Kò sí orúkọ níbẹ̀ náà.

Ẹni tí kò mọ Alanna yóò ka ibẹ̀, yóò ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rìn pẹ̀lú Alanna fún ìwé mẹ́rin, tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níkọ̀kọ̀ nínú ààfin yẹn kan náà, nígbà tí kò sí obìnrin kankan tó ṣáájú rẹ̀ tó lè fún un ní ọ̀bẹ tàbí òróró, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbọgbẹ́ níbẹ̀. Èyí ni mo ń sọ. Ìwé Alanna ni gbèsè, ìwé Kel ni ó ń gbà á. Bí ẹ bá ti ka ti Kel ṣáájú, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè padà lọ mọ ìmọ̀lára yẹn ní àkọ́kọ́ mọ́.

Ọ̀wọ́ méjèèjì yìí náà ni wọ́n dárúkọ nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Margaret A. Edwards ní ọdún 2013, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀dọ́ ti pẹ́ lórí àtẹ, tó sì ṣì ń wúlò. Inú mi dùn sí i pé wọ́n so wọ́n pọ̀.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá èmi gan-an tẹ̀ lé ìlànà tí mò ń là sílẹ̀. N kò tẹ̀ lé e nígbà tó di ti ọ̀wọ́ ọmọ Alanna, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé Alanna kejì, ẹni kan ta Trickster's Choice fún mi. Ọmọ Alanna ló wà níbẹ̀, Aly, mo sì rò pé èyí tó tẹ̀ lé e ni. Ojú-ìwé mélòó kan péré ni mo kà tí mo ti mọ ẹni tí Alanna fẹ́, ẹni tí kò fẹ́, ẹni tó kú, ẹni tó jọba. Mo padà sí ìwé kẹta, kò sí ohun tó lè dẹ́rù bà mí mọ́. Ibi tó yẹ kí ọkàn mi máa lù kìkì, mo kàn ń ka á kọjá. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ìkìlọ̀ kankan lẹ́yìn ìwé náà.

Nítorí náà, nínú ayé Tortall, ẹ tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n tẹ ìwé: Alanna, Daine, Kel, Aly, Beka. Àwọn kan máa ń ní kéèyàn fo Daine láti dé ọ̀dọ̀ Kel kíákíá. Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ogun àti àwọn ẹ̀dá abàmì tí Kel ń bá jà, inú ìwé Daine ni wọ́n ti yọjú sáyé. Ẹni tó bá fò ó yóò máa béèrè pé níbo ni nǹkan wọ̀nyí ti wá.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé òun gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú ìwé Alanna, pé ṣé ó yẹ ọmọdé. Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ láì bò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ ṣáájú, kó fo ìpín yìí.

Nínú ìwé àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni nǹkan oṣù. Alanna jí lọ́jọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù bà á, kò ní ìyá, kò sì lè bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láàfin torí pé ọkùnrin ni gbogbo wọn rò pé ó jẹ́. Ó sá jáde lọ sí ìgboro, ó lọ bá George, George sì mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ oníṣègùn. Obìnrin náà ló jókòó tì í, ló ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ara rẹ̀ fún un, ló sì fún un ní ońdè tí kò ní jẹ́ kó lóyún bó bá dàgbà tó bá fẹ́ ọkùnrin. Ọdún 1983 ni wọ́n tẹ nǹkan yìí sínú ìwé ọ̀dọ́! Èmi kò tíì rí i kà níbì kankan rí nígbà tí mo rí i níbẹ̀, nǹkan oṣù mi àkọ́kọ́ sì dé lọ́dún yẹn gan-an. N kò sá lọ síbì kankan. Ẹ bá ọmọ yín ka ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá a kà.

Láti ìwé kejì lọ, Alanna ń dàgbà, ó ní olólùfẹ́, ó sì ju ẹyọ kan lọ kó tó di ìparí ìwé kẹrin. Òǹkọ̀wé kò ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ibùsùn. Àwọn òbí kan kò fẹ́ ẹ rárá, mo sì mọ ìdí wọn. Lójú tèmi, ọmọ tó tó ka ìwé kìíní lè dúró díẹ̀ kó tó ka ìkẹta. Ọdún kan láàárín kò pa ẹnikẹ́ni.

Ibi tí èmi fúnra mi kò fara mọ́ ni ìparí ìwé Daine. Ọmọ ọdún 16 ni Daine níbẹ̀, ọkùnrin tó di olólùfẹ́ rẹ̀ sì fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá jù ú lọ, olùkọ́ rẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, mo kà á, ara mi kò gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbèjà rẹ̀ pé ayé àtijọ́ ni, pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́. N kò ní kẹ́ ẹ má ra ìwé náà, torí ìwé Daine kẹta, Emperor Mage, níbi tí egungun dáínósọ̀ ti dìde láti máa wó ààfin ọba palẹ̀, wà lára ohun tó dùn jù tí mo tíì kà. Kẹ́ ẹ sáà jókòó bá ọmọ sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè ìbéèrè padà wá, wọ́n ní ọmọ àwọn kò fẹ́ràn ìtàn ogun àti idà, iṣẹ́ ọwọ́ ló fẹ́ràn, òwú àti abẹ́rẹ́ ni tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ṣé Alanna náà ni?

Ó yí padà o! Irú ọmọ yẹn, ilẹ̀kùn kejì ni kẹ́ ẹ ṣí fún un. Ẹ lọ sí Emelan, ẹ ra Sandry's Book, tó jáde ní 1997. Ìwé mẹ́rin ni ọ̀wọ́ náà, ọmọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń gbé ilé kékeré kan nínú ọgbà tẹ́ńpìlì. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán làwọn èèyàn rò pé wọ́n ń ṣe, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé inú iṣẹ́ náà ni idán wọn wà. Òwú ni ti Sandry. Irin ni ti Daja. Ewéko ni ti Briar, tó ti jẹ́ olè rí. Ìjì àti mànàmáná ni ti Tris.

Sandry ni ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Àrùn ìgbóná ti pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Olùtọ́jú rẹ̀ tì í mọ́ inú yàrá ìkẹ́rùsí kan kí àwọn jàǹdùkú má baà rí i, wọ́n sì pa olùtọ́jú náà sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ kan wà níbẹ̀ mọ́. Epo inú àtùpà ń tán lọ, òkùnkùn sì ń ba Sandry lẹ́rù ju ebi lọ. Òwú ìkóṣẹ́-ọnà ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń di òwú náà, ó ń pe iná àtùpà sínú rẹ̀, ó ń di í lọ, ó ń di í bọ̀, títí tí àtùpà fi kú tí òwú sì ń tàn. Ọmọ tó bá fẹ́ràn abẹ́rẹ́ yóò mọ bí ìka ṣe ń rìn nínú ìpínrọ̀ yẹn.

Ẹni tó fẹ́ràn Daja jù ni mí. Ọmọ dúdú ni, ìdílé oníṣòwò orí òkun ló ti wá, ọkọ̀ wọn rì, òun nìkan ló kù, àwọn èèyàn rẹ̀ sì lé e jáde pé ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ń kó oríburúkú ran ọkọ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tó sì wù ú, àwọn èèyàn rẹ̀ kà á sí iṣẹ́ ẹ̀gbin. Wọ́n kò ṣe àlàyé awọ ara rẹ̀ bíi pé ó jẹ́ ìyanu. Dúdú ni, ó sì tẹ̀ síwájú.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tẹ́ ẹ bá ń rà á. Orúkọ tí wọ́n fi tẹ àwọn ìwé yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. The Magic in the Weaving ni Sandry's Book. The Power in the Storm ni Tris's Book. The Fire in the Forging ni Daja's Book. The Healing in the Vine ni Briar's Book. Mo ti ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi ń dùn pé mo ti rí ìwé tuntun, mo sì ti ka ojú-ìwé méjì kí n tó rí i pé Briar tí mo mọ̀ náà ni. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà.

Ti Emelan rọrùn láti tẹ̀ léra. Mẹ́rin àkọ́kọ́, mẹ́rin kejì tí wọ́n pè ní The Circle Opens, lẹ́yìn náà The Will of the Empress. Battle Magic tó jáde ní 2013 ló ń da àwọn èèyàn láàmú, torí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ṣáájú The Will of the Empress. Ẹ jẹ́ kó dúró sẹ́yìn bó ṣe jáde. Ogun inú rẹ̀ le, kì í ṣe ti ọmọ ọdún 12. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa gbọ́ ju kó máa kà lọ, ọ̀wọ́ Emelan wà ní àfetígbọ́ tí ọ̀pọ̀ òṣèré jọ kà, ohùn kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kódà ohùn ni Melting Stones fi kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

* * *

Ìjà ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Aly, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nínú ìwé méjèèjì tó jẹ́ tirẹ̀, wọ́n jí Aly gbé, wọ́n tà á lẹ́rú sí erékùṣù kan tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ṣẹ́gun, tí wọ́n sì ń jọba lé àwọn ọmọ onílẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ lórí. Àwọn onílẹ̀ ń múra ọ̀tẹ̀. Aly, ọmọ ọdún 16, aláwọ̀ funfun láti òkèèrè, wá di olórí amí wọn. Àwọn kan ní ìyẹn burú, pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àjèjì ni yóò wá kọ́ àwọn onílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa gba ara wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe òun ló ń lọ jọba, pé ìránṣẹ́ lásán ni.

Mo wà lẹ́yìn àwọn àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn Aly, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn, bó ṣe ń tan ènìyàn jẹ wú mi lórí. Síbẹ̀, àwọn àgbà onílẹ̀ tó wà nínú ìwé yẹn ti ń gbìmọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì bójú mu kí ọmọbìnrin kan dé lọ́jọ́ kan kó máa rí ohun tí gbogbo wọn kò rí. Mo tún máa ń kà á. Nígbà tí mo bá yá èèyàn, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò yẹ kó jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni, fún ìdí yìí àti fún èyí tí mo ti sọ lókè.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tún padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ tiwọn rèé:

“Sandry la kọ́kọ́ rà bẹ́ ẹ ṣe wí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á tán, ó wá ń di òwú nínú òkùnkùn yàrá rẹ̀, mo ní kó tan iná. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló ní òun fẹ́ ka ti onídà náà. Èmi àti òun jọ ka ti Alanna mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A dúró díẹ̀ kó tó di ìkẹta, a sì jọ sọ̀rọ̀. A fo Daine ná, ẹ máà bínú. Àná ló bẹ̀rẹ̀ First Test. Mo wà nínú ilé ìdáná, mo gbọ́ tó da ìwé délẹ̀ gbàà! Mo sáré lọ wò ó. Omi ti kún ojú rẹ̀, inú sì ń bí i. Ó ní, ‘Mọ́mì, Alanna ló fi ọ̀bẹ yẹn ránṣẹ́, Kel ò mọ̀! Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ríra?’”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún un. Kó máa kà á lọ títí dé ìparí Squire, ìwé kẹta. Kẹ́ ẹ wà nítòsí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.